Eyín Tí Ń Gé Irin: Ọ̀rọ̀ Lórí Ẹ̀rọ Mílíìnì àti Iṣẹ́ Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ àsọyé fún yàrá ìkàwé, Ore àti Odigbo



Oríta ni Ore. Ọkọ̀ tí ń ti Èkó lọ sí Benin ń gba ibẹ̀ kọjá. Ọ̀nà Òǹdó àti ọ̀nà Òkìtìpupa sì pàdé níbẹ̀. Igi gẹdú ń wọ ibẹ̀ láti inú igbó, epo pupa àti kòkó ń wọ ibẹ̀ láti oko. Ọkọ̀ akẹ́rù, ẹ̀rọ ìlagi, ẹ̀rọ ìfúnpo: irin ni ó gbé gbogbo wọn ró. Ọjọ́ tí gíà kan bá kán nínú ẹ̀rọ ìlagi, iṣẹ́ dúró. Àwọn alágbàṣe a jókòó, igi a máa sán nínú oòrùn, ẹni tí ó ti san owó pákó a máa retí. Bí kò bá sí ẹni tí ó lè gé gíà mìíràn nítòsí, Èkó tàbí Ìbàdàn ni a óò gbé e lọ, owó ọkọ̀ àti ọ̀pọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ a sì bá a lọ. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí á mọ ẹ̀rọ tí ń gé irin, kí á sì mọ eyín tí ó fi ń gé e.

KÍ NI Ẹ̀RỌ YÌÍ?

Bí a bá dárúkọ mílì, ẹ̀rọ tí ń lọ ata àti àgbàdo ni ó ń wá sí ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ìyẹn kọ́ ni à ń wí. Mílíìnì kì í lọ nǹkan. Ó ń fá irin ni, gẹ́gẹ́ bí gbẹ́nàgbẹ́nà ti ń fá pákó kí ojú rẹ̀ lè tẹ́jú.

Àwọn tí ó ti dé ibi iṣẹ́ mẹ̀káníìkì mọ léèdì. Nínú léèdì, irin tí à ń ṣe ni ó ń yí, ọ̀bẹ dúró. Nínú mílíìnì, ọ̀bẹ ni ó ń yí. Irin wà ní dídè pinpin lórí tábìlì ẹ̀rọ, tábìlì náà a sì máa gbé e lọ pàdé ọ̀bẹ díẹ̀díẹ̀. Nítorí náà, ohun tí ó rí roboto bí ọ̀pá jẹ́ iṣẹ́ léèdì. Ohun tí ojú rẹ̀ tẹ́jú, tí ó ní kòtò tóóró, tàbí tí ó ní eyín, iṣẹ́ mílíìnì ni.

Irú méjì ni ó wọ́pọ̀. Nínú ọ̀kan, ọ̀pá tí ó di ọ̀bẹ mú dúró lóòró bí òpó ilé. Nínú èkejì, ó nà gbalaja bí ìtì àjà. Ní ọdún 1862, Joseph Brown ní Amẹ́ríkà ṣe èyí tí ó lè gé irin ní oríṣiríṣi ìdojúkọ. Ohun tí ó fà á kò ju pé wọ́n ń wá ọ̀nà tí ó yá láti gé kòtò lílọ́ tí ó wà lára bíìtì tí a fi ń lu irin.

IRIN TÍ Ń GÉ IRIN

Àwọn àgbà ní bí irin méjì bá kan ara wọn, ọ̀kan yóò tẹ̀ fún ọ̀kan. Lórí òwe yìí ni iṣẹ́ náà dúró. Ọ̀bẹ gbọ́dọ̀ le ju ohun tí ó ń gé lọ, kódà nígbà tí ó bá gbóná. Irin tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀bẹ láyé àtijọ́ a máa rọ̀ bí iṣẹ́ bá ti mú un gbóná. Ní ọdún 1900, Frederick Taylor àti Maunsel White ti Amẹ́ríkà mú irú irin tuntun kan lọ sí Ìpàtẹ Páríìsì. Ẹnu ọ̀bẹ náà pọ́n bí ẹyin iná, síbẹ̀ ó ń gé irin lọ. Irin yìí ni àwọn oníṣẹ́ ń pè ní háì-spíìdì. Láàárín ọdún 1920 sí 1930, àwọn ará Jámánì gbé kábáìdì jáde, èyí tí ó le ju ti ìṣáájú lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí ó bá le jù a máa tètè ya. Kábáìdì kò fẹ́ kí á gbá a, kò sì fẹ́ ẹ̀rọ ogbó tí ń gbọ̀n. Lórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, háì-spíìdì ni ó dára fún ọmọ tí ń kọ́ṣẹ́.

Orúkọ ọ̀bẹ pọ̀, ṣùgbọ́n mẹ́rin ni ó ń ṣe ọ̀pọ̀ jù lọ nínú iṣẹ́. Ọ̀kan rí bí àwo, eyín yí etí rẹ̀ ká. Òun ni wọ́n fi ń tẹ́ ojú irin, irú bí orí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tí ìgbóná ti mú wọ́. Èkejì rí bí bíìtì, ṣùgbọ́n ó ní ẹnu nísàlẹ̀, ó ní ẹnu lẹ́gbẹ̀ẹ́. Òun ni ó ń gé kòtò tóóró sára ṣáfùtù, níbi tí a óò ki irin kékeré bọ̀ kí gíà má baà máa yí lásán. Èyí tí ó ní eyín méjì tí ó dé àárín lè wọ inú irin tààrà. Ọ̀pọ̀ nínú èyí tí ó ní mẹ́rin, ẹ̀gbẹ́ ni a gbọ́dọ̀ ti mú un wọlé. Ẹ̀kẹta jẹ́ ayùn roboto pẹlẹbẹ tí ń la irin sí méjì. Ẹ̀kẹrin ni ọ̀bẹ gíà, tí a ti gbẹ́ eyín rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àlàfo tí ó wà láàárín eyín gíà méjì.

BÍ A TI Ń GÉ GÍÀ

Ẹ jẹ́ kí á padà sọ́dọ̀ gíà tí ó kán. Kí onígíà má ṣe da èyí tí ó fọ́ nù. Kí ó kó gbogbo ẹ̀ja rẹ̀ wá, pẹ̀lú gíà kejì tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, kí á lè ka eyín rẹ̀, kí á sì wọn ìbú rẹ̀ láti orí eyín dé orí eyín tí ó dojú kọ ọ́. Ká ní eyín jẹ́ 30, ìbú sì jẹ́ mìlímítà 128. A óò fi 2 kún 30, yóò di 32; a óò fi 32 pín 128, yóò di 4. Iye yìí, 4, ni ó ń sọ irú ọ̀bẹ tí a óò mú, nítorí gíà tí iye wọn kò bá dọ́gba kò lè jẹ mọ́ra. Jíjìn àlàfo eyín náà yóò jẹ́ 4 ní ìlọ́po 2 àti ìdámẹ́rin, èyí tíí ṣe mìlímítà 9.

Ó kù bí a óò ti pín in dọ́gba. Ohun èlò kan wà lórí tábìlì ẹ̀rọ fún èyí. Bí a bá yí ọwọ́ rẹ̀ ní ìgbà 40, irin tí ó dì mú yóò yí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Fún gíà eyín 30, a óò fi 30 pín 40: ẹ̀ẹ̀kan àti ìdámẹ́ta. Lórí àwo tí ó ní ihò 15, ìdámẹ́ta jẹ́ ihò 5. Nítorí náà, lẹ́yìn àlàfo kọ̀ọ̀kan, oníṣẹ́ yóò yí ọwọ́ náà lẹ́ẹ̀kan gbáko, yóò sì fi ihò 5 lé e. Bí ó bá ṣi ihò kan kà, eyín tí ó gbẹ̀yìn yóò tín-ín-rín tàbí kí ó sanra, iṣẹ́ ọjọ́ kan a sì ṣòfò. Ìṣirò tí àwọn ọmọ ń sá fún ní ilé-ìwé, òun ni owó wà nínú rẹ̀ níhìn-ín.

ÌYÁRA

Ọ̀bẹ ńlá kì í yára yí bí ọ̀bẹ kékeré. Eyín ọ̀bẹ ńlá ń rin ọ̀nà jíjìn ní ìyípo kan. Bí a bá sì jẹ́ kí ó sáré jù, yóò jó. Fún háì-spíìdì lórí irin rírọ̀, mítà 25 ní ìṣẹ́jú kan ni ìrìn tí ó tọ́ fún eyín. Ọ̀bẹ tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 20 yóò yí ní nǹkan bí ìgbà 400 ní ìṣẹ́jú kan. Èyí tí ó jẹ́ mìlímítà 100 yóò yí ní nǹkan bí ìgbà 80 péré. Bí ọ̀bẹ kékeré náà bá ní eyín 4, tí eyín kọ̀ọ̀kan sì ń bu ìdámẹ́wàá mìlímítà kan, tábìlì yóò máa rìn ní mìlímítà 160 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹni tí ẹ̀rù bá ń bà, tí ó ń fa tábìlì lọ́ra ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò dá ọ̀bẹ sí; eyín yóò kàn máa ha irin lórí, ẹnu rẹ̀ yóò sì kú. Epo tí a pò mọ́ omi ni a ń dà sí i kí ó lè tutù.

Ohun kan tún wà. Lórí ẹ̀rọ tí ó ti gbó, kí tábìlì máa gbé irin lọ lòdì sí ìyípo ọ̀bẹ. Bí àwọn méjèèjì bá dojú kọ ọ̀nà kan náà, ọ̀bẹ lè já irin gbà lójijì, kí ó sì fọ́.

Ọ̀BẸ KÒ MỌ ỌWỌ́ YÀTỌ̀ SÍ IRIN

Ibi iṣẹ́ yìí kì í ṣe ibi agbádá, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ibi ìbọ̀wọ́. Ọ̀bẹ tí ń yí lè di etí aṣọ tàbí ìbọ̀wọ́ mú, kí ó sì fa ọwọ́ tẹ̀lé e kí ènìyàn tó kígbe. Kí obìnrin tí ń ṣiṣẹ́ di irun rẹ̀. Kí olúkúlùkù lo awò tí ń dáàbò bo ojú. Búrọ́ọ̀ṣì ni kí á fi gbá èérún irin, kì í ṣe ọwọ́. Kí ẹ̀rọ dúró pátápátá kí á tó wọn iṣẹ́. Ọ̀gá tí ó bá sọ fún ọmọ pé kí ó ṣe kíá, kí ó rántí pé ìka kò ní àpààrọ̀ lọ́jà.

ÌPARÍ

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti òyìnbó nìkan. Ní ọdún 1980 ni Ìjọba Àpapọ̀ dá ilé iṣẹ́ Nigeria Machine Tools sílẹ̀ ní Òṣogbo, kí á lè máa ṣe irú ẹ̀rọ báwọ̀nyí nílé. Ní Ìpínlẹ̀ Òǹdó, ilé-ẹ̀kọ́ gíga Polytechnic wà ní Ọ̀wọ̀ láti ọdún 1979, Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ sì wà ní Àkúrẹ́ láti ọdún 1981. Ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ nìkan kò tó; ọ̀gá tí yóò fi ọwọ́ ọmọ lé iṣẹ́, tí kò sì ní fi ìṣirò pamọ́ fún un, ni a nílò.

Alágbẹ̀dẹ tí ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tí ó ń wá níbẹ̀. Ẹ̀yin òbí tí ẹ ní ọmọ tí ó fẹ́ràn láti máa tú ẹ̀rọ, ẹ má ṣe bá a wí lásán. Ẹ rí i pé ó mọ ìṣirò, kí ẹ sì fi í síbi tí yóò ti mọ eyín. Ọjọ́ tí gíà bá kán ní Ore, kí á lè rí ẹni tí yóò gé òmíràn ní Ore.