Kí A Tó Fi Gíláàsì Sójú

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ojú, torí púpọ̀ nínú yín ló mọ ohun tí ojú mi rí.

Ìyá kan san ₦8,000. Ríṣíìtì tí mo fọwọ́ ara mi kọ ni mo ń dà sínú ìwé rẹ̀, ni mo bá kọ ₦3,000. Ìyá náà kò pariwo. Ó kàn ní, "Ìyá Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un wò." Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo wò ó, 3 ni mò ń rí. Ojú tì mí.

Gíláàsì sì wà lójú mi o! Èyí tí àwọn ọmọ ń kiri ní Ọjà'ba ni. Bí a ṣe ń yan gèlè ni mo ṣe yàn án.

Ọmọ mi obìnrin ní kí n kúkú lo kọ́ńtáàtì, ìyẹn awo kékeré tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹyin ojú, tí ẹnìkan kì í rí. N kò ní purọ́, ó wù mí. La bá lọ sílé ìwòsàn ojú.

Wọ́n ní kí n bo ojú kan, kí n ka lẹ́tà ara ògiri. Wọ́n ń pààrọ̀ awo níwájú ojú mi: "Èyí ló dáa ni, àbí ti ìṣáájú?" Wọ́n wọn ìfúnpá inú ẹyin ojú. Wọ́n kán oògùn sí i kí ó lè là, wọ́n fi iná wo ẹ̀yìn rẹ̀. (Ẹ má dá lọ o. Oògùn yẹn máa ń jẹ́ kí ojú ṣe bàìbàì fún wákàtí mélòó kan. Nígbà tí a dé Bẹẹrẹ, ọmọ mi ló ń fà mí lọ́wọ́.)

Yàtọ̀ sí ojú àgbà tó ń mú wa lẹ́yìn 40 ọdún, wọ́n rí i pé glaucoma ti bẹ̀rẹ̀ lójú òsì mi. Kò dùn mí, ojú kò pọ́n. Èyí tó bá ti jẹ lára ìríran, kì í padà mọ́; oògùn tí mò ń kán lójoojúmọ́ ni kò jẹ́ kó jẹ èyí tó kù. Dókítà ní kí àwọn àbúrò àti ọmọ mi náà lọ yẹ ojú wò, torí ó máa ń rìn nínú ẹbí.

Ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà láti 2005 sí 2007 fi hàn pé nínú 100 ẹni tó ti pé 40 ọdún sókè, bíi mẹ́rin ló fọ́jú. Kataráàtì tó ń sọ ẹyin ojú di funfun ló fa èyí tó pọ̀ jù, iṣẹ́ abẹ sì ń mú un kúrò. Glaucoma ló tẹ̀lé e.

Kọ́ńtáàtì wá ńkọ́? Dókítà bi mí níṣẹ́. Mo ní ẹlúbọ́ àti ata gígún. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní wọ́n gbọ́dọ̀ wọn ẹyin ojú kí wọ́n tó fún èèyàn, ìwé gíláàsì kò tó o. Ọṣẹ la fi ń fọwọ́, kí ọwọ́ gbẹ, kí a tó kàn án. A kì í fi í sùn. A kì í fi omi ẹ̀rọ tàbí itọ́ fọ̀ ọ́, omi tirẹ̀ wà lọ́tọ̀. Bí ojú bá pọ́n tó ń ro ni, kí a yọ ọ́, kí a délé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, kì í ṣe ká kán omi ọyàn sí i. Ẹ bá mi sọ fún àwọn ọmọge tó ń yá ara wọn ní aláwọ̀ búlúù lọ síbi ìyàwó. Gíláàsì ni mo gbà ní tèmi.

Wọ́n ń yẹ ojú wò ní UCH, wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò ní Ẹ̀lẹ́ta náà. Mo ti bẹ ìgbìmọ̀ pé kí ẹgbẹ́ máa yá wa lówó àyẹ̀wò. Ẹni tó bá fẹ́ kọ orúkọ, kó rí mi lẹ́yìn ìpàdé. Mo ti ń rí nọ́ńbà báyìí.