Ibà Kì Í Ṣe Oríṣi Kan

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú àwọn ará Èkó-Ende àti àwọn ìlú àyíká rẹ̀



Ọ̀rọ̀ tí a mú wá kò ju ọ̀kan lọ: ibà kì í ṣe oríṣi kan. Àwọn baba wa mọ èyí. Wọ́n mọ ibà lásán, wọ́n sì mọ ibà pọ́njú, wọn kì í fi oògùn ọ̀kan wo èkejì. Ṣùgbọ́n lóde òní, bí ara ọmọ bá ti gbóná, a kì í bèèrè irú ibà tí í ṣe mọ́. Oògùn ibà kan náà ni a ó sáré rà.

Ibà kan wà tí oògùn yẹn kò ràn. Dẹ́ńgì ni orúkọ rẹ̀. Kì í ṣe àlejò láàárín wa: láti 1964 títí dé 1968, àwọn oníwádìí ní Ìbàdàn yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn tí ibà ń ṣe wò, wọ́n sì rí kòkòrò àrùn dẹ́ńgì níbẹ̀, oríṣi méjì nínú mẹ́rin tí a mọ̀ ní ayé.

Ẹ̀fọn tí ń gbé e kiri kì í ṣe ẹ̀fọn òru. Dúdú ni, àmì funfun sì wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọ̀sán ni ó ń jẹni, pàápàá ní òwúrọ̀ àti kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ̀fọn yìí kan náà ni ó gbé ibà pọ́njú wọ àwọn ìlú ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní 1987, nígbà tí ilẹ̀ wa yìí ṣì wà lábẹ́ Ọ̀yọ́, kí a tó dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ ní 1991. Ẹ̀mí púpọ̀ ni ó ṣòfò. Bí ẹ̀fọn náà bá jẹ aláìsàn dẹ́ńgì, lẹ́yìn bí ọjọ́ mẹ́jọ sí méjìlá, ẹnikẹ́ni tí ó bá jẹ lè kó àrùn náà, títí ẹ̀fọn náà yóò fi kú. Jíjókòó ti aláìsàn tàbí bíbá a jẹun kò lè ranni.

Níbo ni ẹ̀fọn yìí ń gbé? Kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ni ó wà. A sé odò Ọ̀tìn ní Èkó-Ende kí omi ẹ̀rọ lè dé ọ̀dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí ẹ̀rọ kò bá yọ omi, àmù, dúrọ́ọ̀mù àti kẹ́ẹ̀gì ni a ń rọ omi sí. Omi mímọ́ inú ilé wọ̀nyí ni ẹ̀fọn náà fẹ́, kì í ṣe omi odò. Ara ògiri àmù, lókè omi díẹ̀, ni ó ń lẹ ẹyin rẹ̀ mọ́. Ẹyin náà sì lè wà ní gbígbẹ fún oṣù púpọ̀ láìkú. Bí a bá da omi nù tí a kò fi kànìnkànìn fọ ògiri rẹ̀, bí a bá ti rọ omi tuntun sí i, tanwíjí yóò tún yọ.

Báwo ni a ó ṣe mọ̀ ọ́n? Ara yóò gbóná lójijì, orí yóò máa fọ́ni, ẹ̀yìn ojú yóò máa dunni, egungun àti oríkèé yóò máa ro bí ẹni pé wọ́n fẹ́ ṣẹ́. Nígbà mìíràn ara a máa sú. Ṣùgbọ́n ojú lásán kò tó. Kí a kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún ibà ẹ̀fọn òru. Bí kò bá sí níbẹ̀, kí a bèèrè àyẹ̀wò dẹ́ńgì. Láàárín ọjọ́ márùn-ún àkọ́kọ́, àmì kòkòrò náà fúnra rẹ̀ ni a ń wá. Lẹ́yìn èyí, ohun tí ara fi ń bá a jà ni a ń wá, bẹ́ẹ̀ ni abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú lè da ìdáhùn rẹ̀ rú. Ẹ rántí pẹ̀lú pé ibà méjèèjì lè bá ènìyàn kan náà pọ̀.

Nígbà tí a kò tíì mọ irú ibà tí í ṣe, ẹ má ṣe fún aláìsàn ní ásípíríìnì tàbí ibuprofen, nítorí wọ́n lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà. Parasitamọ́ọ̀lù àti omi mímu ni kí ẹ fún un. Ẹ má sì yọ̀ jù nígbà tí ara bá tutù: ìgbà náà gan-an ni inú rírun kíkan, èébì tí kò dá, tàbí ẹ̀jẹ̀ láti inú èrìgì lè bẹ̀rẹ̀. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ kíákíá.

Ẹ̀yin ìjòyè, iṣẹ́ ń bẹ lọ́wọ́ yín. Ẹ máa bá ìjọba sọ̀rọ̀ kí omi ẹ̀rọ má ṣe dá. Ṣùgbọ́n kí ó tó yọ, ẹ yan ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ fún àdúgbò kọ̀ọ̀kan, kí gbogbo ilé fọ àmù, kí wọ́n fi ìdérí bò ó dáadáa, kí wọ́n sì kó táyà àti agolo tí òjò ń rọ̀ sí kúrò lẹ́yìnkùlé. Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani.