OHUN TÍ Ó Ń GBÓNÁ NI Ó Ń JẸ OWÓ INÁ

Àwọn alákòóso ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe lè dín owó iná mànàmáná kù nínú ilé. Ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ rín. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, n kò sì kọ́ iṣẹ́ iná. Ṣùgbọ́n fìrísà ni mo fi ń jẹun. Ẹja àti omi tútù ni mo ń tà, owó iná sì ti kọ́ mi ní ohun tí ilé ìwé kò kọ́ mi.

Ẹ óò rántí 3 oṣù Kẹrin, ọdún 2024. Ọjọ́ náà ni àjọ NERC fi owó kún iná àwọn tí ó wà ní Band A, àwọn tí ó yẹ kí wọ́n máa rí iná fún 20 wákàtí lóòjọ́. Yúnìtì kan tí kò tó 70 náírà di 225 náírà lójijì. Ní oṣù Karùn-ún, AEDC mú un wá sí 206 náírà àti 80 kọ́bọ̀. Kì í ṣe ẹjọ́ ìjọba ni mo wá rò. N óò fi 200 náírà ṣírò kí ó lè rọrùn. Ẹni tí tirẹ̀ bá yàtọ̀, kí ó fi iye tirẹ̀ ṣe é.

Ní ilé tí mo ń gbé nígbà náà, ayálégbé mẹ́rin ni a jọ ń lo mítà kan. A óò dá owó, a óò ra iná, kò ní í pẹ́ tí yóò fi tán, ariwo a sì sọ. Arábìnrin kan wà láàárín wa tí ń ránṣọ. Èmi tí mo dàgbà jù nínú ilé ni mo ní máṣíìnì rẹ̀ ni ó ń jẹ wá run. A ní kí ó máa san ìlọ́po méjì. Ó san án fún oṣù mẹ́ta. Kò bá wa jà, ṣùgbọ́n kò kí wa dáadáa mọ́.

Ọ̀dọ́mọkùnrin oníṣẹ́ iná kan ni ó tú àṣírí. Ó ní kí á pa gbogbo nǹkan, kí á máa tàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kí á sì máa wo iná pupa kékeré tí ń ṣẹ́jú lójú mítà. Bí máṣíìnì bá ń ránṣọ, iná náà a máa ṣẹ́jú. Bí ó bá dúró, iná náà a dúró. Nígbà tí ó kan fìrísà mi, a jókòó tì í fún wákàtí méjì, kò sinmi lẹ́ẹ̀kan. Rọ́bà ẹnu ìlẹ̀kùn rẹ̀ ti ya, òtútù ń jò jáde. Àṣé èmi ni olè owó! Mo dá owó arábìnrin náà padà fún un, mo sì bẹ̀ ẹ́ níwájú gbogbo ilé. Ojú tì mí, ó sì yẹ kí ó tì mí.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ka ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn nǹkan oníná. Iye wáàtì ni kí ẹ wò. Ohun tí ó bá jẹ 1000 wáàtì fún wákàtí kan ti jẹ yúnìtì kan. Gílóòbù LED tí ó jẹ́ 9 wáàtì yóò tàn ju 100 wákàtí lọ kí ó tó jẹ yúnìtì kan náà. Bọ́ílà, irin wíwọ́ tí a ń tì bọ omi ìwẹ̀, wákàtí kan péré tàbí kí ó má tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ ọmọ tí ó gbàgbé láti pa gílóòbù ni a ń jágbe mọ́, omi ìwẹ̀ bàbá sì ń hó lọ́wọ́ nínú korobá. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá.

Bọ́ílà fún ìdajì wákàtí láràárọ̀ jẹ́ 100 náírà. Ní ọgbọ̀n ọjọ́, ó di 3,000. Lásìkò ọyẹ́, tí gbogbo ilé ń fẹ́ omi gbígbóná, ẹ ṣírò tiyín. Nínú ilé mi, korobá dúdú ni a ń gbé sí oòrùn lọ́sàn-án. Oòrùn Àbújá kò gba owó. Ní ìrọ̀lẹ́ omi ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, àwọn ọmọ a sì wẹ̀ nígbà náà. Bọ́ílà náà sì lè pani: kí ẹnikẹ́ni má tọwọ́ bọ omi nígbà tí ó bá wà lára iná.

Aṣọ ọ̀sẹ̀ kan ni kí á lọ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ó bá ku aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì, ẹ yọ áyọ́ọ̀nù lára iná, ooru tí ó kù tó o.

Gílóòbù àtijọ́ tí iná rẹ̀ pupa rúsúrúsú, ooru ni ó ń mú wá ju ìmọ́lẹ̀ lọ. Ẹyọ kan tí ó jẹ́ 60 wáàtì, bí ó bá tàn lẹ́yìnkùlé fún 12 wákàtí, 144 náírà ni. LED 9 wáàtì kò ju 22 náírà lọ.

Ní ti fíríìjì, ẹ fi owó náírà há ẹnu ìlẹ̀kùn rẹ̀, kí ẹ tì í, kí ẹ fà á. Bí ó bá yọ wọ́ọ́rọ́wọ́, rọ́bà ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ má gbé ọbẹ̀ gbígbóná sínú rẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ògiri. Bí àyè bá ṣófo nínú fìrísà, ẹ kó omi sí i. Bí NEPA bá mú iná lọ, yìnyín yẹn ni yóò bá yín tọ́jú ẹja. Èmi kì í ṣí tèmi rárá títí iná yóò fi dé, bí oníbàárà tilẹ̀ ń bínú.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣì jọ ń lo mítà kan, kí ẹ tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, ẹ pa gbogbo nǹkan ná, kí ẹ wo mítà. Arábìnrin tí mo sọ yẹn wà ní ìjókòó yìí lónìí, ó sì gbà pé kí n sọ ọ́. Aṣọ ẹgbẹ́ tí mo wọ̀ yìí, òun ni ó rán an.