Látìn Kò Bá Ìwé Wáyé

Ẹ̀yin ọmọ Oòduà, ẹ ní kí n sọ bí Látìn ṣe di èdè ìwé.

Róòmù ṣẹ́gun Hannibal, ọ̀gágun ọ̀tá wọn, ní ọdún 202 ṣáájú ìbí Kristi. Síbẹ̀, nígbà tí Fabius Pictor, ọmọ bíbí Róòmù, kọ ìtàn ìlú rẹ̀ láyé ìgbà náà, Gíríìkì ló fi kọ ọ́. Cato, ará Róòmù bíi tirẹ̀, ló yà kúrò lójú ọ̀nà yẹn: ó fi Látìn kọ ìtàn Róòmù, ó sì fi kọ ìwé lórí iṣẹ́ oko. Akéwì Róòmù, Lucretius, ráhùn pé ọ̀rọ̀ inú èdè baba òun kò tó, ṣùgbọ́n èdè tí kò tó náà ló fi kọ odindi ìwé mẹ́fà lórí bí ayé ṣe rí. Cicero, ará Róòmù mìíràn, gbọ́ Gíríìkì dáadáa. Ní ọdún 45 àti 44 ṣáájú ìbí Kristi, ó gbé ìmọ̀ àwọn onímọ̀ Gíríìkì wọnú Látìn, ìwé lé ìwé. Níbi tí ọ̀rọ̀ kò bá sí, á dá a sílẹ̀. Wọ́n bi í pé kí ni àǹfààní rẹ̀, ṣebí gbogbo ẹni tó kàwé ló gbọ́ Gíríìkì. Kò dá kálàmù dúró.

Ẹlòmíràn yóò ní ogun ló gbé Látìn ga. Rárá o. Ogun Róòmù kan náà gba ilẹ̀ Gíríìkì, àmọ́ Gíríìkì ni wọ́n ń fi kàwé níbẹ̀ lọ. Agbára lè sọ èdè di èdè àṣẹ. Ìwé àti olùkọ́ ló ń sọ ọ́ di èdè ìmọ̀. Ìdí nìyẹn tí Newton, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, fi kọ ìwé rẹ̀, Principia, ní Látìn ní 1687, nígbà tí kò sí ọmọ ogun Róòmù kankan mọ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ Yorùbá rí. Ẹ̀yin tí ẹ ń jà nínú gbọ̀ngàn yìí pé kí Yorùbá mọ sí orin àti oríkì, kí Gẹ̀ẹ́sì máa ṣe iṣẹ́ ọpọlọ, ẹ gbọ́! Ní Ifẹ̀, láti 1970, wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́fà, àwọn ọmọ náà kò sì rẹ̀yìn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Èdè kò jẹ̀bi, àwa ni. Dókítà pọ̀ láàárín yín: ta ló ti kọ ìwé pélébé lórí ẹ̀jẹ̀ ríru ní Yorùbá? Amòfin ńkọ́? Ẹnjiníà ńkọ́? A ń rówó ra aṣọ ẹbí lọ́dọọdún, a kò rówó tẹ ìwé. Vespasian, olú-ọba Róòmù, fi owó ìlú sanwó fún olùkọ́ Látìn. Kí ẹgbẹ́ yìí náà sanwó! Kí olúkúlùkù fi Yorùbá kọ iṣẹ́ tó mọ̀, kó sì gbé e wá síbi àpéjọ tó ń bọ̀. Ẹni tí kò bá kọ ọ́, kó má ṣe sọ fún wa mọ́ pé Yorùbá kò tó ìwé kọ.