Richard Ọlọ́kàn-Kìnnìún, àti Àwọn tí ó San Owó Ìràpadà Rẹ̀



Nínú àwọn ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ayé àtijọ́, díẹ̀ ni òkìkí ogun wọn kàn tó ti Richard Kìn-ín-ní, tí a ń pè ní Ọlọ́kàn-Kìnnìún. Ọdún 1157 ni a bí i. Ó gun orí ìtẹ́ ní 1189. Nínú nǹkan bí ọdún 10 tí ó fi jọba, bí oṣù 6 péré ni ó lò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ogun Àgbélébùú ni ó gbé e lọ sí Ilẹ̀ Mímọ́. A gba ìlú Acre ní 1191. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí a fi í pamọ́ pé lẹ́yìn èyí ó pàṣẹ kí a pa àwọn òǹdè tí ó ju 2,000 lọ. Kò sì wọ Jerúsálẹ́mù. Ní 1192 òun àti Saladin ṣe àdéhùn pé kí àwọn Kristẹni tí kò mú ohun ìjà lọ́wọ́ máa lọ jọ́sìn níbẹ̀ ní àlàáfíà.

Ní oṣù Dìsẹ́ḿbà ọdún náà, bí ó ti pa ara dà tí ó ń padà bọ̀ wá sílé, Leopold, olórí ilẹ̀ Austria, ẹni tí ó ti fi àbùkù kàn ní Acre, mú un nítòsí Vienna, ó sì fi í lé Olú-ọba Jámánì lọ́wọ́. Owó mark fàdákà 150,000 ni wọ́n béèrè. Ta ni yóò san án? Àti àlùfáà àti ọmọ ìjọ, a gba ìdá kan nínú mẹ́rin owó tí ń wọlé fún wọn. A kó ohun èlò wúrà àti fàdákà kúrò nínú ilé Ọlọ́run. Àwọn mọ́ǹkì Cistercian, tí kò ní irú ọrọ̀ bẹ́ẹ̀, yọ̀ǹda irun àgùntàn wọn ti ọdún kan. Ní oṣù Fẹ́búárì 1194 ọba gba òmìnira; kò sì pẹ́ tí ó tún kọjá sí ilẹ̀ Faransé láti jagun.

Níbẹ̀ ni ọfà ti bà á, níwájú odi Châlus, ó sì kú ní ọjọ́ 6 oṣù Épírì 1199. Àwọn òpìtàn ìgbà náà wí pé ó dárí ji tafàtafà náà. Fontevraud, ní ilẹ̀ Faransé, ni a sin ín sí. Ilẹ̀ tí ó rà á padà kò ní ibojì rẹ̀.

Ère Richard lórí ẹṣin dúró ní Westminster láti ọdún 1860. Àwọn tí ó fi fàdákà pẹpẹ sílẹ̀ nítorí rẹ̀ kò ní ère, a kò sì kọ orúkọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn sínú ìwé. Nítorí náà, ẹ̀yin ará, bí a ti ń ka orúkọ àwọn ẹni ńlá ní àjọ̀dún ọgọ́rùn-ún ọdún yìí, ẹ jẹ́ kí a rántí àwọn tí ó mú tiwọn wá, tí a kò sì mọ orúkọ wọn.