Fi Kẹ́ẹ̀gì Hàn Wá

Ọ̀rọ̀ ẹ̀wà ni mo gbé wá lónìí. Ìmọ̀ tó lè gba ẹ̀wà lọ́wọ́ kòkòrò, láìda oògùn olóró sí i, ti wà nínú ìwé àwọn olùwádìí tipẹ́. Ṣé ìyá tó ń ta ẹ̀wà lọ́jà ń ka ìyẹn ni?

Ní Gurúè, lórílẹ̀-èdè Mozambique, àjọ SAWBO fi fídíò kàtúùnù ṣàlàyé rẹ̀ lédè Lomwe: ẹ da ẹ̀wà gbígbẹ kún kẹ́ẹ̀gì, ẹ dé e pinpin. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á tán, kòkòrò á kú. Lẹ́yìn ọdún méjì, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ṣì ń lò ó.

Ẹ̀yin onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, ẹ fi kẹ́ẹ̀gì yẹn hàn wá, lédè wa. Èmi fúnra mi á fi ránṣẹ́ sí màmá mi lórí WhatsApp.