Ẹ Má Tíì Rẹ́rìn-ín: Ọ̀rọ̀ Lórí Tai Chi

Ọ̀rọ̀ tai chi ni mo gbé wá.

Ọgbọ́n ìjà àwọn ará Ṣáínà ni tẹ́lẹ̀. Lọ́dún 1956, ìjọba wọn gé e kúrú sí ìgbésẹ̀ 24 kí tọmọdé tàgbà lè máa jọ ṣe é. Ẹ ó tẹ orúnkún díẹ̀, ẹ ó máa gbé ara láti ẹsẹ̀ kan bọ́ sí èkejì, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Lọ́dún 2012, ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà lórí èèyàn 195 tó ní àrùn Parkinson: àwọn tó ṣe é lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 24 ò ṣubú tó àwọn tó kàn ń na iṣan.

Kí ló kàn wá níbẹ̀? Ẹ wo iye ọ̀pá ìtilẹ̀ tó wà níjòókòó iwájú yẹn. Àwọn tó dúró nídìí pátákó títí a fi mọ̀wé ni àtẹ̀gùn ń bà lẹ́rù báyìí.

Mo dábàá kí ẹgbẹ́ wá ẹni tó mọ̀ ọ́n kọ́, ká máa pàdé ní pápá ilé-ìwé láàárọ̀ Sátidé. Ẹni tó bá gbàgbé ìgbésẹ̀, kó wo ẹni iwájú ẹ̀. (Jíwèéwò tí tíṣà ò ní torí ẹ̀ nà wá nìyẹn!) Ẹni tí orúnkún ń dùn lè jókòó sórí àga ṣe é.